Àwọn Orúkọ Tí Mo Gbé Kúrò ní Ìtòkú

Ní ọjọ́ kejì ìgbéyàwó mi, ìyá ọkọ mi pè mí sí ẹ̀yìnkùlé ilé wọn ní Ìtòkú, wọ́n ní kí n jókòó. Mo rò pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni wọ́n fẹ́ bá mi sọ. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni. Wọ́n ní gbogbo ẹni tí mo bá nínú ilé yẹn, ọkọ mi ni wọ́n, àtọkùnrin àtobìnrin. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí kí n tó wọlé, mi ò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Mo bi wọ́n pé ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ńkọ́?

"Ọkọ rẹ ni òun náà," ni wọ́n wí. "Wá nǹkan tí wàá máa pè é."

Ìtórí ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, a sì mọ àṣà yìí lọ́dọ̀ tiwa náà, ṣùgbọ́n a kì í mú un le tó bẹ́ẹ̀. Mùsùlùmí ni ìdílé ọkọ mi, aṣọ àdìrẹ ni wọ́n ń tà láti ìgbà ìyá ìyá wọn, wọn kì í sì í fi ohun tó bá jẹ́ ti ilé wọn ṣeré. Ìyá ọkọ mi ní òfin lórí bí ìyàwó ṣe ń sọ ọkọ lórúkọ. Àkọ́kọ́, o ò gbọdọ̀ sáré. Wo èèyàn náà dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Wo ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn lára ara rẹ̀, kí o wá fi ìyẹn pè é. Wọ́n ní ìyàwó tó bá fi àbùkù sọ ọkọ lórúkọ, ìjà ló ń wá.

Àbúrò ọkọ mi obìnrin ni mo kọ́kọ́ sọ lórúkọ. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí kì í kúrò lára rẹ̀, ẹ óò ti gbọ́ ọ kí ẹ tó rí i. Mo pè é ní Ìdí-ìlẹ̀kẹ̀, inú rẹ̀ dùn tó fi ra ẹja yíyan fún mi. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń ránṣọ ní iwájú ilé, ṣùgbọ́n báírò máa ń wà létí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà bí ẹni tó fẹ́ lọ sí ọ́fíìsì. Òun di Akọ̀wé. Ọmọ ọwọ́ náà kò tíì ní ohun tó fẹ́ràn ju oorun lọ, mo bá pè é ní Ọ̀gá Oorun. Ó ti wọ ilé ìwé báyìí, ó ṣì ń jẹ́ ẹ. Ẹni tó bá mọ̀ mí á sọ fún yín pé ẹnu mi kì í dákẹ́, inú sì máa ń tètè bí mi, ṣùgbọ́n ní ti ká sọ èèyàn lórúkọ, kò sí ìyàwó kan ní àdúgbò wa tó lè bá mi du ipò. Ìyá ọkọ mi nìkan ni mi ò sọ lórúkọ. Ìyá ni mò ń pè wọ́n.

Nígbà tí ọkọ mi rí ààyè sí yunifásítì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ìyá ní kí gbogbo wa jọ lọ, èmi àti àwọn ọmọ wa méjèèjì. Wọ́n ta ọ̀kan nínú ṣọ́ọ̀bù méjì tí wọ́n ní sí ọjà láti fi ràn wá lọ́wọ́. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn, pé ṣọ́ọ̀bù kan tó àwọn láti bójú tó. Kò sí ohun tó ṣe ẹsẹ̀ wọn. Lọ́jọ́ tí a ń lọ, Akọ̀wé ti ń wo yàrá wa, ó ní òun lè kó ẹ̀rọ ìránṣọ òun síbẹ̀ kí òjò yé lé òun kiri. Ìyá ní kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ kan síbẹ̀.

"Yàrá yín ń bẹ o," ni wọ́n sọ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. "Bí ibẹ̀ ò bá gbà yín, ẹ padà wálé. Kò sí ẹni tó máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ lójú mi."

Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn Ìyá.

A dé ibẹ̀, a rí ilé kékeré kan gbà, àwọn ọmọ wọ ilé ìwé, ọkọ mi dojú kọ ìwé rẹ̀. Ìwọ̀nba iṣẹ́ ni òfin gbà á láyè láti ṣe. Àdéhùn wa ni pé bí èmi bá rí iṣẹ́ tó dúró, á parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí mi ò bá rí i, á fi í sílẹ̀ kí gbogbo wa padà. Nítorí náà orí èmi ni ọ̀rọ̀ náà wà. Olùkọ́ ni mí ní Ṣàpọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún kí a tó lọ. Mo kó ìwé ẹ̀rí mi lọ sí ilé ìwé mélòó kan. Wọ́n ní ó dára gan-an, wọ́n ní àwọn á pè mí. Mo ṣì ń retí ìpè náà. Mo lọ sí ilé ìtajà, wọ́n ní ṣé mo ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà rí nílẹ̀ àwọn. Mo ní rárá, ibẹ̀ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo bá tèmi lọ.

Nígbà tó yá, ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ní kí n wá, pé àwọn á kọ́kọ́ dán mi wò kí àwọn tó mọ̀ bóyá àwọn á gbà mí. Iṣẹ́ náà kò ṣòro fún mi. Èmi ni mo ń wẹ ìyá bàbá mi ní Ìtórí títí wọ́n fi lọ, mo mọ bí wọ́n ṣe ń gbé arúgbó dìde láìjẹ́ kó rò pé ẹrù ni òun. Orúkọ ló fẹ́ lé mi lọ. Lára ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n lẹ orúkọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀ mọ́, orúkọ lásán, kò sí ìyá, kò sí bàbá níwájú rẹ̀. Òun ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè. Ọmọdébìnrin tí mo lè kọ́ ní ìwé á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á pe ẹni tó lè bí ìyá rẹ̀ lórúkọ gbàgàdà, àgbàlagbà náà á sì dáhùn bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ara mi á bù máṣọ.

Èmi ò lè ṣe é. Mama àti Papa ni mò ń pe gbogbo wọn. Púpọ̀ nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó tiẹ̀ dùn mọ́ àwọn kan nínú. Àfi ìyá tó wà ní yàrá ìkẹyìn.

Ìyá yẹn ti wa bọ́ọ̀sì èrò nínú ìlú náà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọn ò lọ́kọ, wọn ò bímọ, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí ìyẹn káàánú wọn. Èmi ò mọ èyíkéyìí nínú èyí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé tọ̀ wọ́n. Mo tẹ orúnkún díẹ̀, mo kí wọn káàárọ̀, mo fi Mama kún un. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

"Èmi kọ́ ni ìyá rẹ. Mi ò bí ẹnì kankan. Jáde."

Mo ní, "Ẹ má bínú, Mama."

Búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń tún irun ṣe ni wọ́n sọ lù mí, ọpẹ́lọpẹ́ ilẹ̀kùn.

Ọ̀gá wa, obìnrin kan tí mo jù lọ́jọ́ orí, pè mí sí yàrá rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní nínú ilé yìí, orúkọ tí èèyàn bá fúnra rẹ̀ mú ni a fi ń pè é, pé ìyẹn gan-an ni ọ̀wọ̀. Mo ní níbi tí mo ti wá, ẹni tó bá ń pe àgbà lórúkọ, wọ́n á ní wọn ò kọ́ ọ nílé. Ó ní, "Ibí kọ́ nìyẹn." Òótọ́ ló sọ, òótọ́ náà ló sì bí mi nínú. Ó wá sọ fún mi pé nígbà tí oṣù bá parí, ìyá yàrá ìkẹyìn ni òun á kọ́kọ́ bi léèrè nípa mi, torí pé wọ́n ti lé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lọ. Bí wọ́n bá fara mọ́ mi, mo ti ríṣẹ́. Bí wọn ò bá fara mọ́ mi, kí n má bínú.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ròyìn fún ọkọ mi. Dípò kó bá mi kẹ́dùn, ṣe ló bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé gèlè mi wé orí, ó jókòó sórí àga, ó ní òun ni ìyá náà, kí n pe òun lórúkọ. Àwọn ọmọ yí wa ká, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Mo la ẹnu, mo pa á dé. Mo tún là á, ikọ́ ló jáde.

"Orúkọ lásán ni o," ni ọkọ mi wí. "Pè é, kó tán."

Mo ní, "Ìwọ náà, pe ìyá rẹ lórúkọ kí n gbọ́. Wọn ò sí níbí. Pè é."

Ó tú gèlè lórí, ó ní òun ní ìwé láti kà.

Síbẹ̀, mo gbìyànjú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, torí iṣẹ́ ni mo ń wá. Mo kan ilẹ̀kùn ìyá yàrá ìkẹyìn, mo pe orúkọ tó wà lára rẹ̀. Ohùn mi kéré tó fi jẹ́ pé wọn ò gbọ́. Mo pè é lẹ́ẹ̀kejì, kí n sì tó mọ̀, orúnkún mi méjèèjì ti wà nílẹ̀. Wọ́n bojú wò mí lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Kí ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ tí o ń wá?"

Mo ní kò sí. Mo dìde, mo gba yàrá mìíràn lọ.

Lọ́jọ́ ìsinmi, mo pe Ìyá lórí fídíò. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n wà, ariwo ọ̀kadà gba gbogbo fóònù, Ìdí-ìlẹ̀kẹ̀ sì wà lẹ́yìn wọn tó ń ka aṣọ jọ. Mo ní, "Ìyá, ẹ kú ọjà o." Wọ́n bi mí nípa àwọn ọmọ, wọ́n bi mí nípa òtútù. Mo wá tú ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ látòkè délẹ̀. Wọ́n gbé aṣọ tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀.

"Nígbà tí o dé ilé mi, ta lo pè lórúkọ?"

"Mi ò pe ẹnì kankan, Ìyá."

"O wá yadi ni?"

"Rárá o. Mo sọ wọ́n lórúkọ ni."

"Ẹ̀hẹ́n. Àbí o ta ẹnu ọ̀hún ní pápákọ̀ òfurufú ni?"

Ìdí-ìlẹ̀kẹ̀ rẹ́rìn-ín títí aṣọ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Ṣùgbọ́n òyìnbó ni wọ́n, Ìyá."

"Òyìnbó ò wá ní ohun tó fẹ́ràn lára ara rẹ̀? Lọ wò ó dáadáa jàre. Má sáré." Kí wọ́n tó pa fóònù, wọ́n fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń fi parí rẹ̀ kún un: "Yàrá yín ń bẹ o. Mo gbá a láàárọ̀ yìí."

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìyá yàrá ìkẹyìn. Mi ò wọlé tọ̀ wọ́n. Èmi ni mò ń kó aṣọ ìnura kiri àwọn yàrá, nígbà tí mo bá ń kọjá, ilẹ̀kùn wọn máa ń ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Mo rí i pé kí wọ́n tó mu tíì, kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí fèrèsé, wọ́n á ti gbé dígí kékeré kan síwájú, wọ́n á ya irun, wọ́n á kun ètè ní pupa. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, síbẹ̀ àwọ̀ pupa náà kì í yà kúrò lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n bá ṣe tán, wọ́n á yí àga sí fèrèsé. Ojú ọ̀nà bọ́ọ̀sì ni. Bí bọ́ọ̀sì bá ń kọjá, wọ́n á gbé ọwọ́ sókè, awakọ̀ á sì fọn fèrè. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ẹni tó gbé tíì wá pé ní gbogbo ọdún tí àwọn fi wa bọ́ọ̀sì, kò sí èrò kan tó rí àwọn nídìí ọkọ̀ pẹ̀lú ètè gbígbẹ.

Orúkọ náà wá bá mi níbi tí mo dúró sí pẹ̀lú aṣọ ìnura lọ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Lọ́jọ́ kejì, mo dúró kí wọ́n kun ètè tán, mo kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ káàárọ̀, Ajíṣoge."

Yorùbá pọ́ńbélé ni mo fi kí wọn. Wọ́n yíjú sí mi. Mo rò pé búrọ́ọ̀ṣì tún ń bọ̀, mo ti múra àtifà sẹ́yìn.

"Kí lo pè mí?"

Mo ṣàlàyé. Mo ní nílé wa, ìyàwó kì í pe àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Á wò wọ́n títí, á wá fi ohun tó dára lára wọn pè wọ́n. Mo ní Ajíṣoge ni ẹni tó jẹ́ pé bó ti ń jí ló ń ṣe ara rẹ̀ lóge, tí kò jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá òun láìtíì múra.

"Ìgbà wo lo rí mi?"

"Láti ìgbà tí ẹ ti lé mi jáde."

Wọ́n gbé dígí wọn sílẹ̀. Bọ́ọ̀sì kan kọjá, wọn ò gbé ọwọ́. "Gbogbo àwọn tó wà níbí," ni wọ́n wí nígbà tó yá, "ìgbà tí wọ́n gbé mi dé ni wọ́n ti bi mí pé kí ni kí àwọn máa pè mí. Kò sẹ́ni tó wò mí kó tó bi mí. Tún un pè."

Mo tún un pè. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ fúnra wọn, ahọ́n wọn kọ́, mo tún un ṣe, wọ́n tún un pè títí ó fi ń dún bí ó ti yẹ. Wọ́n wá béèrè pé bí èmi bá jẹ́ ìyàwó tó ń sọ èèyàn lórúkọ, kí ni àwọn wá jẹ́ sí mi? Mo ní ọkọ mi ni wọ́n. Ajíṣoge rẹ́rìn-ín títí eyín fi fẹ́ yọ lẹ́nu wọn. Wọ́n ní àwọn sá fún ọkọ, àwọn sá fún ọmọ, ìyàwó ló wá bá àwọn nídìí fèrèsé. Lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n gbà kí n wẹ̀ fún wọn. Ṣe ni inú mi ń dùn ṣìnkìn bí mo ṣe ń rọ omi gbígbóná sílẹ̀.

Síbẹ̀, nígbà tí oṣù parí tí ọ̀gá wa wọ yàrá Ajíṣoge, mi ò mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Èmi náà wà níbẹ̀, mò ń ká aṣọ. Ó jókòó ti Ajíṣoge, ó fi ọwọ́ tọ́ka sí ilẹ̀kùn.

"Ṣé ó ń pè yín ní orúkọ yín?"

"Rárá," ni Ajíṣoge wí. "Kò pè é rí."

Ọ̀gá wa yíjú sí mi. Mo gbé aṣọ tí mò ń ká sílẹ̀. Lójú inú, mo rí ṣọ́ọ̀bù tí Ìyá tà, mo rí ọkọ mi tó ń di ìwé rẹ̀ sínú páálí, mo rí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ní Ìtòkú, tí àwọn èèyàn ń yọjú lójú fèrèsé. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Ajíṣoge gbé ọwọ́ sókè bí wọ́n ṣe máa ń gbé e fún àwọn awakọ̀.

"Yọ orúkọ yẹn kúrò lára ilẹ̀kùn mi. Ajíṣoge ni mò ń jẹ́. Ìwọ náà, pè é kí n gbọ́."

Ọ̀gá wa pè é, kò dára. Ajíṣoge tún un ṣe fún un, bí èmi náà ṣe tún un ṣe fún wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀gá wa gbé páálí kékeré kan wá, ó bi mí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Mo fi ibi tí àmì á wà lábẹ́ hàn án. Bí ó ti ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ló sọ fún mi, láìwò mí, pé kí n wá buwọ́ lùwé iṣẹ́ mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Ibùdókọ̀ ni mo ti pe Ìyá, mi ò lè dúró dilé. Wọ́n pariwo "Alihamudulilai!" tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo agboolé fi jáde. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ìdí-ìlẹ̀kẹ̀ ní láti ìgbà tí mo ti lọ, orúkọ òun gan-an ni gbogbo èèyàn ń pè, pé ó ti sú òun, kí n pe òun kí òun gbọ́. Mo pè é. Mo pe Akọ̀wé. Mo pe Ọ̀gá Oorun, ó jẹ́ "Ìyàwóoo!" pẹ̀lú ohùn tó ti ń tóbi. Àwọn òyìnbó tó ń dúró de bọ́ọ̀sì ń wò mí, mi ò dá wọn lóhùn.

Nígbà tó ṣe, Ìyá gba fóònù wọn padà, wọ́n sì rìn kúrò láàárín èrò. Mo mọ ibi tí wọ́n lọ torí ariwo ọ̀nà dínkù. Ẹ̀yìnkùlé ni, ibi tí wọ́n ti ní kí n jókòó lọ́jọ́sí.

"Ṣé iṣẹ́ gidi ni? Wọn ò dán ọ wò mọ́?"

"Gidi ni, Ìyá. Wọ́n ti gbà mí."

"Ẹ ò wá ní lè wá ní Iléyá nìyẹn."

"Kò ní lè ṣeé ṣe, Ìyá."

Mo gbọ́ tí wọ́n fa àpótí kan, wọ́n jókòó. "Ó dáa," ni wọ́n wí. "Màá sọ fún Akọ̀wé kó kó ẹ̀rọ rẹ̀ sí yàrá yín."

Ìgbà yẹn ló yé mi pé ìmọ̀ràn tí wọ́n fún mi ló jẹ́ kí a dúró sí ọ̀nà jíjìn sí wọn, àti pé wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fún mi. Omi bọ́ lójú mi níbi tí mo dúró sí. Inú mi dùn, mo sì fẹ́ lọ sílé.

Mo ní, "Ìyá, ẹ sọ fún Akọ̀wé o, kó má gbàgbé abẹ́rẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Èmi ni màá sùn síbẹ̀ tí mo bá dé."

Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, pé àwọn fúnra àwọn ni àwọn á ṣì máa gbá yàrá náà láràárọ̀.